Síídì tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀bù, tó yadi nínú ọkọ̀: Ibi tó yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ wò

Kò sí ẹni tó ń fi síídì ṣòwò láti Ẹnu Ọ̀wá títí dé Ìdúmọ̀tà tí kò mọ irú oníbàárà yìí. Ó ti sanwó, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà gbé orin náà fún un, ó gbọ́ ọ, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn kó tó gba síídì rẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó padà dé, ó ti fajú ro. Síídì náà kò kọrin nínú ọkọ̀ òun. Oníṣọ́ọ̀bù á tún fi síídì sínú kọ̀ǹpútà, orin á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, yóò wá ní, "Alhaji, ṣé ẹ gbọ́ ọ báyìí? Rédíò ọkọ̀ yín ló ti bàjẹ́." Alhaji náà á fún un lésì pé síídì tóun rà níbòmíì ń kọ dáadáa nínú rédíò kan náà. Bí àríyànjiyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Síídì náà ń kọrin nínú kọ̀ǹpútà lóòótọ́, rédíò ọkọ̀ náà kò sì bàjẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wa kò kà sí ni pé kọ̀ǹpútà àti rédíò ọkọ̀ kì í ka síídì bákan náà. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà nìkan dán síídì tí wọ́n fẹ́ẹ́ lò nínú ọkọ̀ wò, kò tíì dán an wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ èèyàn. Lóòótọ́, fóònù àti fláàṣì ti gba iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ síídì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ni kò sì ní ihò síídì mọ́. Àmọ́ ọkọ̀ tokunbo pọ̀ lójú títì wa. Àwọn Camry tí wọ́n ń pè ní 'Big Daddy' àti 'Muscle' ṣì ń rìn, rédíò oní-síídì ló sì bá wọn dé láti òkè òkun. Àwọn tó ń gba ohùn orin sílẹ̀ níbi òde àríyá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ta ìwàásù, àwọn aáfà tó ń ta wáàsí, àtàwọn tó ń ṣe síídì ìrántí tí olóòkú máa pín fún àlejò, gbogbo wọn ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Ẹ wo ẹni tó ṣe síídì ìrántí 200 fún ìdílé kan. Bí àlejò bá ti gbé e lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú, kò sí bó ṣe fẹ́ẹ́ kó o padà. Bí kò bá kọrin, orúkọ oníṣẹ́ tó wà lẹ́yìn síídì náà ni wọn yóò máa bú.

ÈDÈ MÉJÌ TÍ SÍÍDÌ Ń SỌ

Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà wé ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́wàá. Irú orin yòówù tẹ́ ẹ bá gbé fún un, yóò wá ọgbọ́n dá sí i. Rédíò ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè kan péré ni èyí tó ti pẹ́ gbọ́, èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ lè gbọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Èdè àkọ́kọ́ ni èyí tí kọ̀ǹpútà ń pè ní 'Audio CD'. Ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Netherlands àti Sony ti ilẹ̀ Japan ló jọ fìdí ìlànà rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1980, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta síídì ní Japan ní ọdún 1982. Kò sí rédíò oní-síídì tí kò gbọ́ èdè yìí. Ibi tó kù sí ni pé àyè rẹ̀ kò pọ̀. Ìṣẹ́jú 74 ni síídì oní-650MB ń gbà, ìṣẹ́jú 80 sì ni ti 700MB tó wọ́pọ̀. Kò sì lè ju orin 99 lọ, bó ti wù kí orin náà kúrú tó.

Èdè kejì ni MP3. Nínú ti èyí, bí ìgbà téèyàn kó ìwé sínú àpótí ni wọ́n ṣe ń kó orin sórí síídì, 'Data CD' sì ni kọ̀ǹpútà ń pè é. Bí wọ́n bá fún orin náà pọ̀ dé ìwọ̀n 128, tó jẹ́ ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, ìṣẹ́jú kan kò ní ju nǹkan bíi 1MB lọ. Ìyẹn ni pé síídì 700MB kan náà tó ń gba ìṣẹ́jú 80 lè gba orin tó ju wákàtí 11 lọ.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Oníbàárà á wọlé, á ní gbogbo orin tí wọ́n kọ níbi òkú ìyá òun, wákàtí mẹ́rin gbáko, lòun fẹ́ lórí síídì kan. Oníṣẹ́ kò bi í ní ìbéèrè kankan, ó dà á sórí ẹ̀ ní MP3, ó sì gbowó. Bí rédíò oníbàárà bá jẹ́ èyí tí 'Audio CD' nìkan yé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wákàtí mẹ́rin jẹ́ ìṣẹ́jú 240, síídì oní-80 mẹ́ta gédégbé ni yóò gbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é ní 'Audio CD'. Owó síídì mẹ́ta àti iṣẹ́ síídì mẹ́ta ló yẹ kí oníṣẹ́ sọ fún oníbàárà látìbẹ̀rẹ̀, kó lè yan èyí tó wù ú.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA KẸ́ Ẹ TÓ GBOWÓ

Èkínní: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, inú kí lẹ ti fẹ́ máa gbọ́ ọ?" Bó bá jẹ́ nínú ọkọ̀, ẹ lọ sí ìbéèrè kejì.

Èkejì: "Ṣé wọ́n kọ MP3 sójú rédíò ọkọ̀ yín?" Ọ̀pọ̀ rédíò tó lè ka MP3 ni wọ́n kọ ọ́ sí lójú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò síídì. Bí oníbàárà kò bá mọ̀, tí ọkọ̀ náà sì wà níta, ẹ rán ọmọ iṣẹ́ yín kó lọ wò ó. Bí ọkọ̀ kò bá sí nítòsí, 'Audio CD' ni kẹ́ ẹ ṣe, nítorí kò sí rédíò oní-síídì tó máa lóun kò gbọ́ ìyẹn.

Ẹ̀kẹta: "Ṣé rédíò náà ní ihò fláàṣì?" Bó bá ní, fláàṣì lè rọrùn fún oníbàárà ju síídì lọ, ẹ sì lè gbowó iṣẹ́ yín lórí ìyẹn náà. Àmọ́ ẹ rántí pé FAT32 ni ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ mọ̀. Bí fláàṣì bá wà ní NTFS tàbí exFAT, ó ṣeé ṣe kí rédíò má rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

BÍ SÍÍDÌ BÁ TI PADÀ WÁ

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjà, ẹ má sì ṣe yára ṣe òmíì fún un, torí bí ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì náà yóò bàjẹ́. Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ mú síídì tí wọ́n tẹ̀ ní ilé-iṣẹ́, ìyẹn orijínà, kẹ́ ẹ fi sínú rédíò ọkọ̀ náà. Bí orijínà kò bá kọ, ẹ jẹ́ kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i pé rédíò ló nílò àtúnṣe. Eruku ọ̀nà àti ti ọyẹ́ lè bo ojú tí rédíò fi ń ka síídì. Bí orijínà bá kọ, tí tiyín kò sì kọ, ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tí rédíò kọ sójú. Bó bá ní òun kò rí síídì rárá, tàbí tó ń pọ̀ ọ́ jáde, irú síídì tẹ́ ẹ lò tàbí bẹ́ ẹ ṣe parí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá rí síídì àmọ́ tí kò gbé orin, ẹ fura sí irú orin tẹ́ ẹ kó sí i. Bó bá ń kọrin àmọ́ tó ń fò tàbí tó ń kólòlò, ẹ fura sí bí síídì ṣe dára tó, eré tẹ́ ẹ fi ṣe é, tàbí ara síídì tó ti ha. Ẹ jẹ́ ká wá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

IRÚ SÍÍDÌ TẸ́ Ẹ LÒ

Síídì òfìfo kì í ṣe ọ̀kan náà. CD-R ni èyí tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. CD-RW ni èyí tó ṣeé pa rẹ́, kí wọ́n tún un kọ. Rédíò ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà ka síídì, ìmọ́lẹ̀ tó bá padà láti ara síídì ló sì fi ń mọ ohun tó wà níbẹ̀. Orijínà ń dá nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ náà padà, CD-R tó dára sì sún mọ́ ọn. Ti CD-RW kò ju nǹkan bí ìdá 15 sí 25 lọ. Bí ìgbà téèyàn ń kàwé lábẹ́ àtùpà tó fẹ́ẹ́ kú ló rí fún rédíò tó ti pẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe ta CD-RW fún ẹni tó fẹ́ẹ́ lò ó nínú ọkọ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún DVD. Bí wọ́n bá tò wọ́n síbì kan, DVD àti síídì jọra bí ìbejì, ọmọ iṣẹ́ lè ṣì wọ́n mú. Àmọ́ lésà tí wọ́n fi ń ka DVD yàtọ̀ sí ti síídì, inú lọ́hùn-ún láàárín ike ni ohun tí wọ́n kọ sórí DVD wà, kò sí lẹ́yìn bíi ti síídì. Rédíò tí wọ́n ṣe fún síídì nìkan kò lè rí i kà láéláé. Ẹ kó wọn sí àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

ṢÉ Ẹ TI ÌLẸ̀KÙN RẸ̀?

Síídì dà bí ilé tí wọ́n ń kọ́. Títí wọn yóò fi parí rẹ̀, tí wọn yóò fi ti ìlẹ̀kùn, rédíò ọkọ̀ kò ní gbà pé ilé ni. Ohun tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi Nero ń pè ní 'Finalize' tàbí 'Close disc' nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́ lè ka síídì tí wọn kò tì, ìdí nìyẹn tó fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kó orin díẹ̀ sí i lónìí, tó ṣí i sílẹ̀, tó tún fi díẹ̀ sí i lọ́la. Ó ṣeé ṣe kí rédíò má rí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ kó gbogbo orin jọ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì tì í.

Pàkúté kan tún wà fún àwọn tó ń lo Windows. Láti ìgbà Windows 7 tó jáde ní ọdún 2009, bí ẹ bá fi síídì òfìfo sí kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ fẹ́ kó nǹkan sí i, yóò bi yín bóyá bíi fláàṣì lẹ fẹ́ lò ó, 'Like a USB flash drive', tàbí fún ẹ̀rọ tó ń ka síídì, 'With a CD/DVD player'. Bí ẹ bá mú ti àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà yóò máa kà á, rédíò ọkọ̀ kò ní mọ ohun tó jẹ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kẹ́ ẹ mú fún MP3. Fún 'Audio CD', ẹ lo ètò tí wọ́n ṣe fún orin, bíi Windows Media Player tàbí Nero, kẹ́ ẹ sì rí i pé 'Audio CD' lẹ yàn níbẹ̀.

IRÚ ORIN TẸ́ Ẹ KÓ SÍ I

Kì í ṣe gbogbo orin tó ń dún nínú fóònù ni MP3. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́, kì í ṣe MP3. Orin tó wá láti iPhone sábà máa ń jẹ́ M4A. Àwọn kan máa ń pa orúkọ rẹ̀ dà, wọ́n á kọ .mp3 sí ìdí rẹ̀, wọ́n á rò pé ó ti tán. Ẹni tó gbé fìlà ọlọ́pàá dé kò tíì di ọlọ́pàá. Ẹ fi ètò tó ń yí orin padà sọ ọ́ di MP3 gan-an kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sórí síídì.

Ẹ kọ orúkọ orin ní kúkúrú, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà síwájú wọn, 01, 02, 03, torí ọ̀pọ̀ rédíò ń fi orúkọ to orin tẹ̀léra. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ Yorùbá tó dára nínú ìwé lè di nǹkan tí kò ṣeé kà lójú rédíò. Lára bébà ìta ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ lo lẹ́tà lásán fún orúkọ inú síídì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe orin òde àríyá, níbi tí olórin ti ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíì láìdánudúró, ẹ lo 'Disc-at-once' fún 'Audio CD'. Bí ẹ bá lo 'Track-at-once', ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjì lè máa wà láàárín orin kan sí ìkejì, oníbàárà á sì rò pé síídì ń já.

ERÉ, INÁ ỌBA ÀTI OÒRÙN

Kòtò kéékèèké ni wọ́n tẹ̀ sára orijínà ní ilé-iṣẹ́. CD-R kò rí bẹ́ẹ̀, aró ni wọ́n fi sínú rẹ̀, lésà kọ̀ǹpútà yín ló sì ń fi ooru sàmì sára aró náà. Bí wọ́n bá sáré jù, àmì náà lè má hàn dáadáa. Bí wọ́n tiẹ̀ kọ 52x sára síídì, ìwọ̀n bíi 8x sí 16x sábà máa ń dára fún orin tí wọ́n máa gbọ́ nínú ọkọ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní ibi tó ti ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, 'Verify', ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Bí iná ọba bá lọ nígbà tí síídì ń lọ lọ́wọ́, CD-R yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ní àtúnṣe. Ẹ ra UPS, tàbí kẹ́ ẹ lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára.

Oòrùn náà jẹ́ ọ̀tá aró. Síídì tí wọ́n gbé sójú gíláàsì ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn Èbúté Èrò látàárọ̀ dalẹ́ kò lè pẹ́. Ẹ sọ fún oníbàárà kó máa fi í sínú àpò rẹ̀, kó gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Ẹ má sì lẹ bébà alálẹ̀mọ́ sára síídì ọkọ̀. Ooru máa ń mú kó ṣí, ó lè há sínú rédíò, ìyẹn sì lè di owó àtúnṣe tí wọn yóò ní kẹ́ ẹ san. Máákà tí wọ́n ṣe fún síídì ni kẹ́ ẹ fi kọ̀wé sí i, kì í ṣe báírò. Ọ̀pọ̀ rò pé abẹ́ síídì tó ń dán nìkan ló yẹ kéèyàn ṣọ́, bẹ́ẹ̀ òkè tí wọ́n ń kọ orúkọ sí gan-an ni ìpele tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sún mọ́ jù lọ. Bí ẹ bá ha ibẹ̀, kò ní oògùn. Bí abẹ́ rẹ̀ bá dọ̀tí, ẹ fi aṣọ tó rọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo. Bákan náà, ẹ má ṣe ta síídì kékeré tàbí èyí tí wọ́n gé bíi káàdì fún ọlọ́kọ̀, torí ó lè há sínú ihò rédíò.

BÓ ṢE KAN ÀPÒ YÍN

Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ gbé e lọ sínú ọkọ̀ mẹ́ta tí rédíò wọn kò jọra, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tó ti pẹ́. Bí gbogbo wọn bá kọ ọ́, ẹ ṣe 199 tó kù, síídì kan náà, eré kan náà. Ẹ ra síídì òfìfo látọ̀dọ̀ ẹni kan tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ má ṣe da oríṣi méjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan.

Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, irú síídì, eré tẹ́ ẹ lò, àti bóyá 'Audio CD' ni tàbí MP3. Bí síídì mẹ́wàá bá padà wá, ìwé yìí ló máa sọ fún yín bóyá inú páálí síídì kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Ẹ sì kọ ọ́ sára àpò síídì ní gbangba: "Audio CD: rédíò gbogbo," tàbí "MP3: rédíò tó ní MP3 nìkan." Gbólóhùn yẹn nìkan lè lé ìdajì ìjà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín.

Ẹ má sì gbàgbé òfin. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò fàyè gba kéèyàn máa da orin olórin kọ fún títà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nínú orin, ìwàásù àti wáàsí tí àwọn tó ni wọ́n fún yín láṣẹ rẹ̀ lowó tó mọ́ wà.

Síídì òfìfo kan tẹ́ ẹ fi dán iṣẹ́ wò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàárà kan tó bínú lọ, torí òun nìkan kọ́ ló ń lọ, ọ̀rẹ́ àti ẹbí rẹ̀ máa bá a lọ ni. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.